Taksí Adó-Èkìtì lójú èmi tí mo ti ta mọ́tò mi

Ẹni tó bá ń gbé Bàsìrì, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ajílósùn, tí kì í sì í rìn lálẹ́, taksí ìlú Adó sàn fún un ju mọ́tò ara ẹni lọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà sáré kọjá 500, ni mo ti ń wo mọ́tò mi tìfuratìfura. Epo nìkan kọ́ ló kúkú ń jẹ. Mẹkáníìkì ń jẹ níbẹ̀, fọkanáísà ń jẹ níbẹ̀, àwọn tó ń dáni dúró lójú títì béèrè ìwé mọ́tò náà ò gbẹ́yìn. Mo tà á. Owó ọkọ̀ gòkè lóòótọ́, àmọ́ èrò mẹ́fà la jọ ń pín in.

Méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹ má jókòó ti jíà o, orókún yín ni dẹ́rẹ́bà máa fi ṣeré títí dé Ìjìgbò. Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni kí ẹ máa wá. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í sábà ṣí láti inú: ẹ máa na ọwọ́ gba ojú fèrèsé láti ṣí i níta. Irin tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, ẹyọ kan ló máa ń wà fún odindi mọ́tò, abẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà ló ń gbé. Bí òjò bá ṣú, irin yẹn á máa ti ọwọ́ èrò kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, kálukú ń yí tirẹ̀ sókè, ẹni tó gbà á gbẹ̀yìn ni òjò máa pa.

Ẹ tọ́jú owó kéékèèké láti ilé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, wọ́n á ní kí ẹ jọ lọ wá ṣéńjì.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ti alẹ́ ni. Dẹ́rẹ́bà kan já mi sílẹ̀ ní Òkèsà lálẹ́ ọjọ́ òjò, ó ní òun ò dé Bàsìrì mọ́, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Nítorí náà ni mo ṣe gba nọ́ńbà bàbá kan tó jẹ́ ará Ìlawẹ̀. Tí màmá mi bá fẹ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, òun ni mo máa ń pè. Á gbé wa lọ, á dúró dè wá, á gbé wa bọ̀. Ìyẹn wọ́n díẹ̀, àmọ́ kò tó owó bàtìrì kan.

Orí òkè tí taksí ò ní gùn, ọ̀kadà ló ni ín. Ìlú olókè ni tiwa, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ ra akoto tiyín.

Ohun tí ẹnìkan ò sọ fún mi ni ojú tí àwọn èèyàn á fi máa woni. Nílùú wa, ẹni tó bá ti ń wa mọ́tò, tó tún wá bọ́ sílẹ̀, nǹkan ti ṣe é nìyẹn. Mo débi òkú kan ní Ìkẹ́rẹ́, àbúrò ọkọ mi rí i tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú taksí, ló bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ìyàwó wa, ṣé kò sí o? Ọlọ́run á dá a padà fún yín." Mo ṣe àmín. Aṣọ ẹbí tó wà lára mi lọ́jọ́ náà, owó tí mi ò ra epo ni mo fi rà á.

Ẹni tó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́ tí iléèwé wọn ò sí lójú ọ̀nà kan náà, kó má tíì ta tirẹ̀.