Ìbọn Ọdẹ Wo ni Kí Ẹ Rà? Ṣakabùlà, Ẹlẹ́nu Kan, Ẹlẹ́nu Méjì àti Pọ́ǹpù

Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ìbọn ọdẹ ní Abẹ́òkúta tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè bí òun yóò ṣe mọ̀ pé ìbọn náà ṣófo. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀ síra.

Ṣakabùlà ni ó mọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ ìhà Ọdẹdá lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta, wọn a sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, nítorí náà ojú kò lè rí ìdí rẹ̀. Ọdẹ àgbà kan tí mo wò níbi tí ó ti ń tọ́jú tirẹ̀ ti fi ọ̀bẹ fá ìlà sára ọ̀pá náà: bí ìbọn bá ṣófo, ìlà náà yóò bá ẹnu ìbọn dọ́gba, bí ó bá yọ sókè, nǹkan wà nísàlẹ̀. Ọgbọ́n àgbà ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá sì yìn ín tí kò dún, ẹ má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, nítorí iná lè ṣì máa rìn lọ bá ẹ̀tù.

Ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì ń ṣí láàárín. Ẹ ṣí i, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí òdì kejì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ní ti ẹlẹ́nu méjì, ẹni tí ó ti yin ẹyọ kan sábà máa ń gbàgbé èkejì. Ẹ kíyè sí ọta pẹ̀lú: nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ bí ọta àti ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń pọ̀ ni ọta ń kéré. Ọta 20, tí ó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, lè yọ́ wọ inú ìbọn 12 kí ó há síbẹ̀, bí ẹ bá wá fi ọta 12 tẹ̀ lé e, ìbọn lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Pọ́ǹpù, ìbọn tí a ń fà kí ọta tuntun lè gòkè, ń to ọta pamọ́ sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí ẹ sì fà á, òmíràn ti gòkè. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò kà á mọ́ àwọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ lé lórí bí ìbọn ọdẹ lásán, nítorí náà ẹ má gba “ìwé wà” tí òǹtajà ń sọ gbọ́. Ṣakabùlà pàápàá nílò ìwé. Ẹ béèrè ní Eléwéran, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹlẹ́nu kan ni èmi yóò rà.