Senko oní-ínǹṣì 5: ìdẹ tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ lẹ́nu

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú àpò Senko, ìdẹ rọ́bà fún ẹja báàsì, á rò pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò ní ìrù tó ń jù, kò lẹ́sẹ̀, kò lójú. Bíró ìkọ̀wé ló jọ, orí kan sanra ju èkejì lọ díẹ̀, ìlà róbótó-róbótó sì yí i ká. Mẹ́wàá péré ló wà nínú àpò kan, owó rẹ̀ sì lé ní dọ́là 7 ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn tó fara jọ ọ́ ń lọ ní nǹkan bí ìdajì iye yẹn. Síbẹ̀, láti àwọn ọdún 1990 tí Gary Yamamoto, ẹni tó ń ṣe ìdẹ, ti gbé e jáde, àwọn tó ń fi ìwọ̀ pa báàsì ẹlẹ́nu ńlá (largemouth bass) kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Iyọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ ni. Iyọ̀ yẹn ló mú un wúwo, tí ẹ fi lè jù ú jìnnà láìso òjé kankan mọ́ ọn. Tó bá sì balẹ̀ sínú omi, kì í rì bí òkúta. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìbú, orí àti ìdí rẹ̀ ń gbọ̀n jẹ́jẹ́. Gbígbọ̀n yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń já a gbà-gbà, tó ń yí ríìlì, ẹ̀rọ tí ń ká okùn, bí ẹni tí ajá ń lé, owó ara rẹ̀ ló ń dà sódò.

Ibi kan náà ni àléébù rẹ̀ ti wá. Rọ́bà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ya. Tí ẹ bá ki ìwọ̀ bọ àárín rẹ̀ ní ìhòòhò, ẹja kan péré tó gbọn orí lè já a sí méjì, àpò kan á sì tán kí oòrùn tó mú. Òrùka rọ́bà kékeré ni ojútùú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe ń lò. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé, á dínwó ju ti ilé ìtajà ìwọ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà fi ń lò ó. Wacky rig, tí ìwọ̀ ń wà ní àárín ìdẹ, ni àkọ́kọ́. Ẹ gbé Senko lé ìka kan ṣoṣo. Ibi tó bá ti dúró láìtẹ̀ síbì kan ni àárín rẹ̀, nítorí pé orí kan wúwo ju èkejì lọ, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ti òrùka méjì dé ibẹ̀, kí ẹ gbé wọn lérí ara wọn bí àmì X, kí ẹ wá ki ìwọ̀ oníwọ̀n 1/0 gba abẹ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Òrùka kan náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìwọ̀ á na gbọọrọ tẹ̀lé ara ìdẹ, ẹnu ẹja kò sì ní tètè kan ṣóńṣó rẹ̀. Ọ̀pá gígùn ẹsẹ̀ bàtà 7 tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí orí rẹ̀ ń tètè tẹ̀, ríìlì spinning oníwọ̀n 2500 tàbí 3000, okùn braid (okùn híhun) páùn 10 sí 15, kí ẹ wá ta okùn fluorocarbon (èyí tí kì í hàn dáadáa nínú omi) páùn 8 tàbí 10 mọ́ iwájú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8. Kókó Palomar ni kí ẹ fi so ìwọ̀. Ẹ fi itọ́ tàbí omi rin ín kí ẹ tó fà á le, torí gbígbóná tí okùn bá gbóná ń dín agbára fluorocarbon kù.

Ọ̀nà kejì ni Texas rig aláìlójèé, tí ṣóńṣó ìwọ̀ ń fara pamọ́ sínú ìdẹ, fún ibi tí ewéko bá ti pọ̀. Ìwọ̀ 4/0 tí inú rẹ̀ gbòòrò, tí wọ́n ń kọ EWG sára páálí rẹ̀, ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú okùn fluorocarbon páùn 15 àti ọ̀pá tó le jù ti àkọ́kọ́. Ẹ ki ṣóńṣó ìwọ̀ bọ orí ìdẹ bí ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan, ẹ yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á títí ojú ìwọ̀ á fi wọnú orí náà, kí ẹ yí i. Kí ẹ tó ki ṣóńṣó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ́ ìwọ̀ sí ara ìdẹ kí ẹ fi wọ̀n ibi tó máa gbà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Tí ìdẹ bá wọ́ bí ekòló, á máa yí po nínú omi, kò ní gbọ̀n mọ́, okùn á sì lọ́ mọ́ra wọn. Tí ó bá ti lọ́, ẹ tú ìwọ̀ kúrò, kí ẹ jẹ́ kí okùn òfìfo máa tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó fi ìka méjì mú un padà sórí ríìlì.

Lake Fork ní ìlà-oòrùn Texas ni ibi tó dára jù láti fi dán ìdẹ yìí wò. Igi gbígbẹ dúró kún inú omi náà, ibẹ̀ sì ni báàsì tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà, páùn 18.18, ti jáde ní oṣù kìíní 1992. Láti ìparí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, báàsì máa ń wá sí etídò láti yé ẹyin, níbi tí omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 8 lọ. Àsìkò Senko nìyẹn. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, kí ẹ dẹ okùn. Okùn tó bá fà le á wọ́ ìdẹ bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kò ní sọ̀ tààrà. Ojú okùn ni kí ẹ máa wò. Bó bá ta fìrì, bó bá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bó bá dúró kí ó tó yẹ kó dúró, ẹja ti gbé e nìyẹn. Tí kò bá sí nǹkan, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ tún jẹ́ kó sọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ jù ú síbòmíì, nítorí ìgbà tó kọ́kọ́ ń sọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ má dúró kí ẹja gbádùn ún. Iyọ̀ yẹn ń mú kó di ìdẹ mú sẹ́nu, àfàìmọ̀ ni kò ní gbé ìwọ̀ mì. Lórí wacky, ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ kàn fi ọ̀pá gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ̀ tín-ín-rín ni, fífà-jágbà á já okùn páùn 8. Texas rig nìkan ló nílò agbára, torí ìwọ̀ gbọ́dọ̀ la rọ́bà kọjá kó tó kan ẹja. Bó bá ti gbé e mì jìnnà, ẹ gé okùn níbi tó súnmọ́ ìwọ̀, kí ẹ dá ẹja padà.

Ibi tó ti kùnà: atẹ́gùn líle, tó ń tẹ okùn bí ọrun, tí ẹ kò fi ní rí ìjẹ rárá, àti omi tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, tí yóò sú yín kó tó dé ìsàlẹ̀. Òjé bí ìṣó, ọ́ńsì 1/16, tí ẹ ki bọ orí kan á ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n rẹ̀ á dín kù. Tí mo bá fẹ́ sòótọ́, ẹni tó bá ń pa báàsì nínú omi jíjìn nìkan kò nílò rẹ̀.

Fún ọkọ̀ tó gbé ènìyàn méjì, ó jẹ́ ìdẹ ọ̀rẹ́. Kí ẹni iwájú, tó ń darí mọ́tò iná, fi Texas rig gbá inú ewéko, kí ẹni ẹ̀yìn fi wacky gba etí rẹ̀. Kí ẹni iwájú má ju ìwọ̀ sí gbogbo kùkùté tán kí ó tó kan ẹnì kejì. Ìyẹn ló ń ba àárín ọ̀rẹ́ jẹ́ ju ẹja tó sá lọ. Nígbà tí ìkan bá sì pariwo pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú àwọ̀n!”, ti yín kọ́kọ́ di ohun ìgbàgbé, ẹ ká okùn yín kúrò lọ́nà. Ní Lake Fork, báàsì tó wà láàárín ínǹṣì 16 sí 24 gbọ́dọ̀ padà sómi, ẹnì kan kò sì lè mú ju ìkan tó pé 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ará Ẹ̀pẹ́ á bi yín pé kí la wá ń ṣe lódò nígbà náà, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì burú.

Àwọ̀ green pumpkin (ewé tó dà pọ̀ mọ́ búráùn) ni kí ẹ rà fún omi tó mọ́, dúdú tó ní búlúù nínú fún omi tó dọ̀tí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò wọn. Àwọ̀ máa ń ràn, èyí tó bá sì tẹ̀ nínú àpótí kò ní sọ̀ dáadáa mọ́. Omi gbígbóná díẹ̀ á tún un nà. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ ìdẹ ElaZtech, irú rọ́bà mìíràn tí ilé iṣẹ́ Z-Man ń lò, wọ́n á yọ́ mọ́ra wọn. Èyí tó bá ya sí méjì ṣì wúlò: ẹ fi ìdajì tó sanra sórí ìwọ̀ olójèé kékeré, á mú ẹja. Èyí tí kò bá wúlò mọ́, ilé ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má jù ú sínú omi; rọ́bà yẹn ń wú nínú ikùn ẹja.