Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin onímọ́tò Àbújá: wọ́n gbé kátálíìsì mi, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ kó tó jáde, lọ, èmi náà ni mo tún sanwó fún wọn

Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Ìyàwó mi ní kí n má kọ ọ́ síta, pé ìtìjú ni. Màá kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn á gbé ọkọ̀ tiẹ̀ débẹ̀ lọ́la, ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni wọ́n á ṣe fún un.

Toyota Celica 2001 ni mò ń lò, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, lítà 1.8, jíà ọwọ́. Láti 2006 ni wọn ò ti ṣe irú ẹ̀ mọ́, torí náà mò ń kẹ́ ẹ bí ẹyin. Ọdún mẹ́fà rèé, kò já mi kulẹ̀ rí. Nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí eruku bo gbogbo Kubwa, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀lẹ. Màá fẹsẹ̀ tẹ iná kó lè sáré, kò ní dáhùn. Á dúró díẹ̀, á fà sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ sín, kó tó wá gbéra. Bí mo bá fẹ́ wọ Kubwa Expressway láàárín àwọn tírélà, àyà mi á máa já. Ṣùgbọ́n bó bá dúró lójú kan, tí mo tẹ iná, dídún ẹ̀ á dára. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Màlámù tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ní Kubwa ti lọ sílé ní Katsina nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kó dé. Ọ̀sẹ̀ kan! Èmi ni mi ò ní sùúrù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Apo, mo gbọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ọkùnrin tó jáde sí mi fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀gbọ́n mi. Ibo lẹ ti wá nílé?" Mo ní Òṣogbo. Ó ní ọmọ Ìkìrun ni ìyá òun. Ó rán ọmọdé kan kó lọ ra omi tútù wá fún mi, ó sì fi aṣọ nu àga kí n tó jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ Ọba-ò-mọ̀-mí yìí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára tí èèyàn bá gbọ́ èdè ìyá ẹ̀ láàárín ọjà. Gbogbo ara mi rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí mi ò kì í fún àbúrò mi ni mo nà fún un.

Ó ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ẹ́ńjìnnì, bọ̀ ọ́, kóòdù P0171 ló jáde. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. "Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn yín ti kú, ẹ̀gbọ́n." Ìyẹn èyí tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Irọ́ ni! Ohun tí P0171 ń sọ ni pé atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo lọ. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Mo mọ̀ báyìí. Ká ní mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni.

Síkánà, ₦10,000. Sẹ́ńsọ̀ "ojúlówó" nínú páálí Denso, ₦85,000. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ₦48,000. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí i, a wa ọkọ̀ jáde, ó ṣì ń ṣe ọ̀lẹ. Ó wá lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí sàléńsà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, ó mi orí. "Kátálíìsì ti dí, ẹ̀gbọ́n. Kò lè mí." Kò wọn nǹkan kan. Kò fi géèjì kankan sí i. Àtẹ́lẹwọ́ lásán! Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n gé e kúrò, wọ́n jó páìpù òfìfo sí ipò ẹ̀. ₦40,000.

Mo rí i nígbà tí ọmọ kan fi àpò sìmẹ́ńtì gbé kátálíìsì mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àní mo dìde kúrò lórí àga kó lè ráyè kọjá. Mo yà fún un! Plátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù ló wà nínú nǹkan yẹn. Torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń kiri mẹkáníìkì kan sí òmíràn tí wọ́n ń rà á. Mo ka ₦40,000 fún ẹni tó ń jà mí lólè. Lójú ara mi. Ní ọ̀sán gangan.

Ẹ má bi mí pé ṣé mi ò lójú ni. Mo kàwé, mo mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńsọ̀, èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá rò pé òun ò lè kó sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí i ní èdè ìyá ẹ̀ láàárín oòrùn Apo ná. Síbẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mi ò béèrè rìsíìtì. Mi ò béèrè sẹ́ńsọ̀ mi àtijọ́. Ojú ló ń tì mí láti béèrè, kó má baà dà bíi pé mi ò fọkàn tán ọmọ ilé wa.

Ọkọ̀ ń pariwo délé, kò sì yí padà. Mo pè é. Ó ní kí n jẹ́ kó lò díẹ̀, pé bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, á mọ sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ọjọ́ kejì kò gbé fóònù mọ́. Mo padà lọ. Ó ní wọ́n ti da ẹrù àtijọ́ nù, kátálíìsì, sẹ́ńsọ̀, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi sọ ọ́ fún mi, ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Sátidé! Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Èyí dùn mí ju owó lọ.

Màlámù dé láti Katsina. Kò mú síkánà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di rọ́bà ńlá tó ti ilé fílítà atẹ́gùn lọ sí tọ́rọ́tù, ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, mú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ẹnu là láàárín ìṣẹ́po rọ́bà náà, ó gùn tó ìka mi tó kéré jù. Bí èèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́, kò lè rí i. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń lọ tí mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á mì, rọ́bà á ṣí ẹnu, atẹ́gùn tí sẹ́ńsọ̀ ò wọ̀n á gbabẹ̀ wọlé, epo ò sì ní tó o. Bó bá dúró lójú kan, ẹ́ńjìnnì ò mì tó bẹ́ẹ̀, ẹnu rọ́bà á pa dé. Rọ́bà tòkunbọ̀ ní Zuba, ₦18,000. Ọ̀lẹ tán. ₦183,000 ni mo kó sọ́wọ́ àwọn ti Apo!

Ọmọ Ìkìrun rẹ́ mi jẹ. Màlámù tí mò ń fi Hausa jẹ́gẹjẹ̀gẹ bá sọ̀rọ̀ ló gbà mí.

Ó fi èékánná ha ara sẹ́ńsọ̀ "Denso" náà, lẹ́tà ara ẹ̀ ń ṣí kúrò bí àtíkè. Nígbà tó wá lo síkánà, iye atẹ́gùn tó yẹ kó dúró láàárín gíráàmù 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí kò sẹ́ni tó tẹ iná, ń fò sókè sódò bí tata. Nítorí náà mo ṣì máa ra òmíràn. Lọ́wọ́ ta ni? Mi ò mọ̀. Gbogbo àwọn tó ń ta páátì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi báyìí. Bóyá mo ń ṣàṣejù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàṣejù.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń ṣe bíi tèmi, kí ẹ tó náwó: ẹ tẹ rọ́bà yẹn wò, gbogbo ìṣẹ́po ẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan tẹ iná dé ìsàlẹ̀, kí ẹlòmíràn wò ó bóyá ìlẹ̀kùn kékeré inú tọ́rọ́tù ṣí tán. Wáyà tó so iná ẹsẹ̀ mọ́ tọ́rọ́tù lè ti dẹ̀. Ẹ gbọn fílítà, eruku ọyẹ́ ò dára. Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, ẹ kọ́kọ́ fi oògùn fíínfíín tí wọ́n ṣe fún un fọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án nínú, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó bá ní kátálíìsì dí, kó fi géèjì tó ń wọn agbára èéfín sí ihò sẹ́ńsọ̀ sàléńsà, kí ẹ fojú yín rí i. Bó bá sì di pé ẹ pààrọ̀ nǹkan, èyí àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù yín kí ẹ tó sanwó.

Sátidé yìí, èmi àti Màlámù ń padà lọ sí Apo. Bí wọ́n bá ti gé kátálíìsì tiyín náà níbẹ̀ láti oṣù Kìíní, ẹ fi ìwé ọkọ̀ yín sọ́wọ́, ẹ bá wa lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la máa kúrò ní Kubwa.