Àdìrẹ fún ìdánwò: ìwé ni tàbí ọ̀dọ̀ aláró?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ọnà ti WAEC lè kọ́ nípa àdìrẹ láti inú ìwé, ó sì lè lọ bá aláró ní Òṣogbo ìlú aró. Ìwé yá ní tirẹ̀: ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti mọ̀ pé okùn ni a fi ń di irú àdìrẹ tí à ń pè ní oníko, ẹ̀kọ láfún ni a sì fi ń ya irú kejì, ẹlẹ́kọ.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ aláró, yóò rí bí ìyẹ́ adìyẹ ṣe ń fa òpó gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn sórí aṣọ ẹlẹ́kọ tí ọnà rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn, àti bí aṣọ ṣe ń jáde láti inú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di dúdú. Ọ̀dọ̀ aláró ni mo fara mọ́, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ wọ́n.