Gbọ̀ngàn Àárín Ìlú Ọ̀yọ́: Ilé Àríyá Tó Tún Ń Gba Eré Ìdárayá

Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi lo gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Ọjà Àkẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, fún ìdíje tẹ́níìsì orí tábìlì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun tí mo sì fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò kó èrò sí.

Láyé àtijọ́, ojúde ọba ni ìlú ti ń péjọ, òjò kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn níbẹ̀. Ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbọ̀ngàn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàárín wa. Mápó, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Eléyìí kò ní òpó ràgàjì bíi ti Mápó, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ìpàdé, ìgbéyàwó, ìnáwó òkú àgbà, ìsọjí àti ìpolongo ìbò. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò náà ti dá a lò rí. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ta ni kò mọ̀ ní Ọ̀yọ́ pé Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1970 títí di 2022, fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́?

Àyè ibẹ̀ tó, àjà rẹ̀ sì ga. Tábìlì tẹ́níìsì fúnra rẹ̀ kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn àti 5 ní ìbú ni. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí eléré ti ń sún sẹ́yìn kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ló ń jẹ ilẹ̀. Síbẹ̀ a to tábìlì mẹ́rin, ẹnìkan kò sì kọlu ẹnìkejì.

Fáànù ló yọ wá lẹ́nu. Gíráàmù 2.7 péré ni bọ́ọ̀lù yìí wọ̀n, nítorí náà afẹ́fẹ́ òkè ń darí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí a pa fáànù, ooru mú débi pé ọmọkùnrin kan ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́ báàtì rẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù sókè ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí a tún tan án, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá sórí tábìlì yà bàrá, àwọn ọmọ méjèèjì sì jọ yíjú wo rẹfirí. Níkẹyìn, a pa ti orí tábìlì, a fi ti orí èrò sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára bọ́tìnnì wọn, àfi kí a máa tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ náà ń dán, ó sì ń yọ̀. Ìgbéyàwó ti wáyé níbẹ̀ kó tó kàn wá, a ṣì bá ọ̀rá ìrẹsì lẹ́bàá pèpéle. Àwa fúnra wa la fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n gbà kò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gba gbọ̀ngàn ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ kò padà dé ọwọ́ wa títí a fi pè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ náà ṣe ń pariwo orúkọ Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù nínú tẹ́níìsì orí tábìlì Òlíńpíìkì, ní Rio ní 2016, gbogbo ilé náà ń gbà á, ó ń dá a padà. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. N óò tún gbà á, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè fáànù.