The Bat àbí Cockroaches: èwo ni kẹ́ ẹ fowó yín rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé Harry Hole, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Oslo ní Norway tí Jo Nesbø ń kọ ìtàn ẹ̀, méjì àkọ́kọ́ yìí ló máa ń da èèyàn láàmú, torí òkè òkun ni Harry ti ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. The Bat jáde lédè Norway ní 1997, Cockroaches tẹ̀lé e ní 1998, àmọ́ 2012 àti 2013 ni wọ́n tó túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà lẹ́yìn ti kún ìgboro nígbà yẹn, ẹlòmíì ti kà á dé àárín kó tó mọ̀ pé òun ò tíì rí ìbẹ̀rẹ̀.

Sydney ni ti The Bat. Wọ́n pa ọmọbìnrin Norway kan, wọ́n ní kí Harry lọ bá àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ wá ẹni tó ṣe é. Andrew Kensington, ọlọ́pàá tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ló ń mú un kiri, kí n má parọ́, òun ló dùn jù nínú ìwé yẹn, ìtàn ò tán lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kánjú mọ apààyàn, ẹ máa kùn o, ó falẹ̀ gan-an kó tó gbóná.

Cockroaches ò ráyè ìyẹn. Ańbásádọ̀ Norway ló kú sí mòtẹ́ẹ̀lì aṣẹ́wó ní Bangkok, ní Thailand, ọ̀bẹ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá l'Oslo ò fẹ́ ariwo, wọ́n wá mú Harry ọ̀mùtí, wọ́n rò pé kò lè rí nǹkankan, ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyẹn. Òun náà sì gbọ́n, kó tó gbà láti lọ ó ní àfi kí wọ́n jẹ́ kóun padà tú ẹjọ́ àbúrò òun obìnrin tí wọ́n fipá bá lò wò. Gósìlóò, ooru, irọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bọ́mọdé ṣèṣekúṣe wà nínú ẹ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ fọ́mọ.

Tówó ìwé kan péré bá wà lọ́wọ́, Cockroaches ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá máa ra méjèèjì, ẹ ka The Bat ṣáájú jàre, torí èkejì á tú àṣírí Sydney fún yín. Don Bartlett ló túmọ̀ méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò yàtọ̀. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kó má lọ jẹ́ pé ojú ewé tí wọ́n ti dárúkọ apààyàn ló ti já.