Ilé Shakespeare àbí ilé Shaw?

Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ní ọjọ́ kan láti fi gbafẹ́, ilé George Bernard Shaw, tóun náà kọ eré orí ìtàgé bíi ti Shakespeare, ni màá ní kó lọ. Lóòótọ́, ti Shakespeare ní Stratford-upon-Avon rọrùn láti dé: rélùwéè láti ibùdókọ̀ Marylebone ní Lọ́ńdọ̀nù á gbé yín dé ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1564, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń rán ìbọ̀wọ́ tà. Àmọ́ èrò ibẹ̀ pọ̀ jọjọ, àga àti ibùsùn tí ẹ máa rí kì í sì í ṣe ti ẹbí náà gan-an.

Ní ti Shaw, abúlé Ayot St Lawrence tí ilé rẹ̀ wà ò ní rélùwéè, ẹ máa wá takisí. Ṣùgbọ́n ẹrù bàbá náà gangan ló wà ńlẹ̀: fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́. Lẹ́yìn ọgbà, ahéré tó ti ń kọ̀wé ṣeé yí kó máa tẹ̀lé oòrùn. Lọ́ńdọ̀nù ló sọ ọ́, kí wọ́n lè máa sọ fún àlejò pé "bàbá wà ní Lọ́ńdọ̀nù". Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà! Ẹ kàn yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i wò kẹ́ ẹ tó gbéra.